Fóònù olówó pọ́ọ́kú tí yóò gbé ìpè Wi-Fi dáadáa: ìtọ́sọ́nà fún ará Ìlọrin àti gúúsù Kwara

Ẹni tó bá ń wá fóònù fún ìyá tàbí bàbá rẹ̀ nílé, iye owó àti kámẹ́rà ló sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè. Kò burú, àmọ́ ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú méjèèjì: inú ilé wo ni fóònù yìí máa gbé? Fóònù tó ń ṣe dáadáa nínú ìsọ̀ ní òpópónà Táíwò ní Ìlọrin lè dé Ìgbàjà kó di èyí tí wọ́n ń gbé káàkiri àgbàlá kí wọ́n tó gbọ́ “hẹ́lò.” Wọ́n ra fóònù tó bá ìsọ̀ mu, wọn kò ra èyí tó bá ilé mu.

Ọ̀rọ̀ owó gidi sì ni. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, àjọ NCC tó ń ṣàkóso àwọn iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbà wọ́n láyè láti fi owó kún owó ìpè àti dátà, àfikún náà sì lè tó ìdajì iye tí à ń san tẹ́lẹ̀. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà ní Kánádà tàbí London kò lè máa fi kàádì pè é lójoojúmọ́. Áàpù Skype náà, tí ọ̀pọ̀ ará òkè òkun fi ń pe ilé nígbà kan rí, ti kógbá wọlé ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025. Nítorí náà, ìpè orí Wi-Fi ló kù tí owó rẹ̀ ṣeé gbé, ó sì yẹ kí á mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa.

Irú ìpè méjì ni, ẹ má da wọ́n pọ̀

Èkíní ni ìpè inú áàpù: WhatsApp, Telegram, Messenger, Google Meet. Ẹni tó ń pè àti ẹni tí wọ́n ń pè gbọ́dọ̀ ní áàpù kan náà, àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kàádì kò bá a tan; dátà nìkan ló ń jẹ.

Ìkejì ni èyí tí ẹ máa rí nínú Settings tí wọ́n kọ Wi-Fi calling sí. Nọ́ńbà sím yín gan-an ni ẹ fi ń pè, àmọ́ dípò kí ohùn gba òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, Wi-Fi ló ń gbà. Ẹni tí ẹ pè kò nílò dátà, kò nílò áàpù, ó lè fi fóònù tọ́ọ̀ṣì gbé e. Èyí dùn fún ilé tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé ṣùgbọ́n tí Wi-Fi wà. Ìṣòro rẹ̀ ni pé nǹkan mẹ́ta gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan: iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín, irú fóònù yín, àti sọfitíwia tó wà nínú fóònù náà. Bí ọ̀kan bá kọ̀, kò ní ṣiṣẹ́. Ẹ pe 300, nọ́ńbà kan náà ni fún gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti ọdún 2023, kí ẹ dárúkọ fóònù náà fún wọn kí ẹ sì béèrè bóyá Wi-Fi calling ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ àti bóyá owó ìpè rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ojoojúmọ́.

Bí wọ́n bá ní ó ń ṣiṣẹ́, ẹ dán an wò báyìí: ẹ tan Wi-Fi calling nínú Settings, ẹ wá tan airplane mode kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kú pátápátá, ẹ wá tan Wi-Fi nìkan padà. Ẹ pe nọ́ńbà kan. Bó bá dún lọ́hùn-ún, ó dájú pé inú Wi-Fi ló gbà, torí kò sí ọ̀nà míì tó lè gbà. Bí kò bá lọ, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Fún ọ̀pọ̀ ilé, WhatsApp tó, mi ò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti fi owó kún fóònù nítorí Wi-Fi calling nìkan.

Ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Kí ẹ tó mú owó jáde, ẹ wá ẹni tó máa dúró síbi tí Màmá máa ń jókòó gan-an, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà, kì í ṣe abẹ́ igi máńgòrò. Kí ó mú fóònù kan dání, kí ó máa ki sím nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà ládùúgbò bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó wo lẹ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá nẹ́tíwọ́ọ̀kì. 4G ni à ń wá. 3G tàbí H a máa gbé ìpè WhatsApp nígbà tí èrò kò bá pọ̀ lórí rẹ̀. E nìkan kò ní gbé e. Kí ó tún un ṣe lálẹ́, láàárín aago méje sí mẹ́wàá, torí àsìkò yẹn ni gbogbo ilé ń lo dátà, àsìkò yẹn náà sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń ráyè pe ilé.

Àwọn ilé àtijọ́ nílẹ̀ Ìgbómìnà àti Ọ̀ffà, ògiri amọ̀ wọn nípọn, páànù sì ni òrùlé. Irin ni páànù, ó máa ń dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì padà. Ògiri tó nípọn náà a sì dín èyí tó bá wọlé kù. Ìdí nìyí tí fóònù fi lè ní 4G lójúde kó sì di 3G ní yàrá.

Ibí ni ọ̀rọ̀ band ti wọlé. Band ni orúkọ ọ̀nà inú afẹ́fẹ́ tí 4G ń gbà. Èyí tí nọ́ńbà MHz rẹ̀ kéré máa ń rìn jìnnà, ó sì máa ń wọ ògiri ju èyí tí tirẹ̀ pọ̀ lọ. Band 28 jẹ́ 700MHz, band 20 jẹ́ 800MHz. Àwọn méjèèjì ló ń dé ibi tó jìnnà. Band 3 jẹ́ 1800MHz, band 7 jẹ́ 2600MHz. Wọ́n ń gbé dátà púpọ̀ ní ìgboro, àmọ́ kì í pẹ́ rẹ̀ wọ́n. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n ń lò ní Nàìjíríà. Fóònù tí wọ́n ṣe fún Áfíríkà tàbí ilẹ̀ Yúróòpù sábà máa ń ní band 20. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà kò ní in. Ó lè máa fi 4G hàn ní Tánkè láìsí wàhálà, kó dé abúlé kó máa já sí 3G, ẹni tó tà á fún yín kò sì purọ́ fún yín. Ẹ tẹ orúkọ fóònù náà àti nọ́ńbà model rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ ka ìlà tí wọ́n kọ LTE bands sí (4G náà ni wọ́n ń pè ní LTE), kí ẹ wá 20 àti 28 níbẹ̀.

5G ńkọ́? MTN bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 2022, Airtel tẹ̀lé e lọ́dún 2023. Ọ̀nà tó ń gbà kì í rìn jìnnà sí òpó. Ẹ má san kọ́bọ̀ kún fóònù tí yóò gbé abúlé nítorí rẹ̀.

Ohun tí owó yín gbọ́dọ̀ rà

Fún ìpè, nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti bátìrì ló ṣáájú lọ́wọ́ tèmi, RAM (àyè tí fóònù fi ń ṣe iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́) tẹ̀lé wọn, ibi ìpamọ́ tẹ̀lé e, kámẹ́rà ló kẹ́yìn.

Bátìrì 5000mAh ti wọ́pọ̀ lára àwọn fóònù tí owó wọn kò pọ̀. Fóònù tuntun tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀, torí gbogbo wa la mọ bí iná NẸ́PÀ ṣe rí.

Orí RAM ni wọ́n ti ń ta ọgbọ́n fún ènìyàn jù. Wọ́n á kọ 8GB gàdàgbà sára páálí, bí ẹ bá wá ka lẹ́tà kékeré ìsàlẹ̀, ẹ máa rí 4+4. Mẹ́rin àkọ́kọ́ ni RAM gidi. Mẹ́rin kejì, wọ́n yá a láti ibi ìpamọ́ ni, kò sì yá bíi ti gidi. Ẹ wọ Settings, ẹ wọ About phone, ẹ wo iye gidi. 4GB gidi ni mo máa ń sọ pé kí ènìyàn rà. 3GB ṣeé fara mọ́. 2GB tó ń lo Android Go, Android fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n ṣe fún fóònù kékeré, máa gbé ìpè ohùn, àmọ́ bí wọ́n bá tan fídíò tí áàpù méjì míì sì wà ní ṣíṣí, ó máa dì.

Ibi ìpamọ́, 64GB ni kó kéré jù, 128GB ló dára. Ẹni tó bá ti rí fóònù ìyá kan tó wà nínú ẹgbẹ́ àdúrà, ẹgbẹ́ ẹbí àti ẹgbẹ́ ọmọ ilé kéwú lórí WhatsApp máa mọ ìdí. Àwòrán Jímọ̀ Mubarak nìkan ti tó kún fóònù kékeré láàárín oṣù díẹ̀, fóònù tó bá sì ti kún, ìpè rẹ̀ náà a máa dì.

Nǹkan kan wà tí wọn kì í kọ sára páálí tó sì ń ba ìpè jẹ́ ju RAM lọ: ojú kékeré tó wà lókè fóònù tó ń mọ̀ pé fóònù ti wà létí. Ojú yìí ló ń pa iná fóònù kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ má baà tẹ nǹkan. Lára àwọn fóònù olówó pọ́ọ́kú kan, kò sí i ní tòótọ́, tàbí kó máa ṣe ségesège. Màmá á gbé fóònù sétí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á tẹ bọ́tìnnì tó ń pa ohùn, ọmọ á máa sọ pé “Màmá, mi ò gbọ́ yín mọ́,” gbogbo ènìyàn á sì rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ẹ dán an wò nínú ìsọ̀: ẹ pe nọ́ńbà kan, ẹ fi ọwọ́ bo òkè fóònù níbi tí a ti ń gbọ́ ohùn, kí iná kú, ẹ gbé ọwọ́ kúrò, kí iná padà. Kí ẹ ṣe é ní ìgbà mélòó kan. Bó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ bi wọ́n ní òmíràn.

Wi-Fi náà ní ọ̀nà tirẹ̀ méjì, 2.4GHz àti 5GHz (èyí kì í ṣe 5G). Kí fóònù máa gba 2.4GHz nìkan kì í ṣe àbùkù. Òun gan-an ló ń wọ ògiri ju 5GHz lọ.

Àwọn fóònù kan wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fojú wò rárá bó ti wù kí owó wọn rọjú tó. iPhone 5s, 6 àti 6 Plus, WhatsApp kì í ṣiṣẹ́ lórí wọn mọ́ láti oṣù Karùn-ún ọdún 2025. Android tó bá dàgbà ju 5.0 lọ náà, bẹ́ẹ̀ ni. Fóònù onítẹ̀ tó ń lo KaiOS, tí wọ́n máa ń sọ pé ó ní WhatsApp, àǹfààní láti gbé WhatsApp tuntun sórí rẹ̀ ti dópin láti àárín ọdún 2024.

Ní ti orúkọ iléeṣẹ́, Tecno, Infinix àti itel, baba kan náà ló bí wọn, Carlcare ló sì ń tún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe. Redmi àti Samsung Galaxy A tí owó wọn kò pọ̀ náà dára. Ohun tí mo máa ń wò ni ẹni tó lè tún un ṣe nítòsí. Fóònù tí kò sí ẹni tó ní ojú rẹ̀ láti fi rọ́pò ní Ìlọrin, ọjọ́ tó bá bọ́ lọ́wọ́ Bàbá ló parí.

Tuntun ni tàbí tòkúnbọ̀?

Bí owó bá tó ra tuntun tó ní 4GB gidi, ẹ ra tuntun fún àgbàlagbà. Bátìrì tòkúnbọ̀ ti rin ìrìn àjò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Àmọ́ tòkúnbọ̀ dára fún ọ̀dọ́ tó mọ nǹkan wò, ohun tí owó tuntun rà sì sábà máa ń kéré sí ohun tí owó kan náà máa rà nínú tòkúnbọ̀. Bó bá jẹ́ tòkúnbọ̀ ni, èyí tó wá láti London tẹ́ mi lọ́rùn ju ti Amẹ́ríkà lọ, nítorí ọ̀rọ̀ band tí mo sọ, àti nítorí pé iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì Amẹ́ríkà ti ti òmíràn pa mọ́ ara wọn. Kò ní gba sím tiwa.

Ẹ ṣọ́ra fún fóònù àsanpadà díẹ̀díẹ̀ tí ẹni tó gbà á kò tíì san tán. Ọjọ́ tí owó bá pẹ́, ẹni tó yá a lówó lè ti fóònù pa láti ọ̀nà jíjìn, ọwọ́ yín ló máa kú sí.

Nínú ìsọ̀

Ẹni tó bá ti Òmù-Àrán tàbí Àjàṣẹ́-Ìpo wá ra fóònù ní Ìlọrin kò ní fẹ́ san owó ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì nítorí àbùkù tó yẹ kó rí níwájú ọlọ́jà. Ẹ mú sím nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó mú jù lábúlé dání, ẹ mú fóònù tiyín tó ní dátà, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ìkánjú lé yín.

1. Ẹ tẹ *#06#. Nọ́ńbà IMEI, tí a fi ń dá fóònù kọ̀ọ̀kan mọ̀, máa jáde, 15 ni iye dígíìtì rẹ̀. Fóònù onísím méjì máa ní méjì. Ẹ fi wé ti ara páálí. Bí wọn kò bá bára mu, ẹ dá fóònù padà.

2. Ẹ ki sím bọ ihò kìn-ín-ní, ẹ dúró kí 4G hàn, ẹ pe ẹnì kan. Ẹ tún un ṣe ní ihò kejì.

3. Ẹ tan hotspot (ohun tó ń pín dátà fóònù bíi Wi-Fi) lórí fóònù tiyín, ẹ so fóònù tuntun mọ́ ọn, ẹ fi fóònù tiyín sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí ẹ jọ wá, ẹ wá máa rìn lọ síta pẹ̀lú fóònù tuntun. Bí Wi-Fi bá já kí ẹ tó kúrò níwájú ìsọ̀, eriali rẹ̀ kò dára, kò sì ní wúlò nínú ilé onígun mẹ́rin tí yàrá rẹ̀ pọ̀.

4. Ẹ ṣí áàpù tó ń gba ohùn sílẹ̀, ẹ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń sọ àṣírí, ẹ tún gbọ́ ọ. Ohùn tó bá ń ha tàbí tó bá jìnnà, bí ẹni tí ẹ bá pè ṣe máa gbọ́ yín nìyẹn.

5. Ẹ di àmì áàpù kan mú lójú fóònù, ẹ fà á káàkiri gbogbo ojú rẹ̀ láti igun dé igun láì gbé ọwọ́. Ibi tí àmì náà bá ti bọ́ lọ́wọ́ yín, ojú fóònù ti kú níbẹ̀.

6. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti lò, ẹ ní kí wọ́n nù ún dà sí tuntun níwájú yín, kí ẹ sì dúró títí ẹ fi máa parí títò rẹ̀ lórí Wi-Fi. Bó bá béèrè Google account ẹni tó ni í tẹ́lẹ̀, ẹ má sanwó. Ẹni tó bá ní òun máa “já a” fún yín lẹ́yìn ìsanwó, ẹ kí i kí ẹ máa lọ.

7. Rìsíìtì tó ní IMEI, orúkọ ìsọ̀ àti ọjọ́. Ẹ tọ́jú páálí náà. Ọjọ́ tí ọlọ́pàá bá bi yín ní ẹni tó ni fóònù, òun ni ẹ̀rí yín.

Wi-Fi inú ilé

Bí ilé bá ní ẹ̀rọ Wi-Fi tàbí MiFi (ẹ̀rọ Wi-Fi kékeré oníbátìrì), ibi tí wọ́n gbé e sí ṣe pàtàkì ju owó tí wọ́n fi rà á lọ. Ẹ má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ má gbé e sẹ́yìn fíríìjì, ẹ má tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù onírin. Ibi gíga lẹ́bàá fèrèsé tó kọjú sí òpó ni. Bí fóònù tuntun kò bá rí orúkọ Wi-Fi náà rárá nígbà tí ti àwọn yòókù ń rí i, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé 5GHz nìkan ni wọ́n tò ó sí; kí wọ́n tan 2.4GHz.

Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń wá láti sátẹ́láìtì, ti wà ní Nàìjíríà láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023. Bí iléewé, ilé ìsìn tàbí aládùúgbò kan bá ní in tó sì fún yín láyè, ìpè rẹ̀ dára púpọ̀.

Ṣùgbọ́n ilé tó pọ̀ jù kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì, ọgbọ́n kan sì wà fún wọn tí mo fẹ́ kí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ẹ rántí ilé tí 4G wà lójú fèrèsé tí kò sì wọ yàrá. Ẹ wá fóònù 4G àtijọ́ kan, kódà èyí tí ojú rẹ̀ ti là díẹ̀, kí ẹ ki sím dátà bọ̀ ọ́, kí ẹ gbé e sójú fèrèsé yẹn, kí ẹ so ó mọ́ ṣáájà, kí ẹ tan hotspot rẹ̀ sí 2.4GHz. Fóònù Màmá á wá máa gba Wi-Fi láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ nínú yàrá. Fóònù ojú fèrèsé ló ń bá òpó sọ̀rọ̀, ti inú yàrá ń bá ti fèrèsé sọ̀rọ̀, ohùn á sì kọjá ògiri amọ̀ láìsí pé Màmá dìde. MiFi kékeré máa ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ pa ohun tó ń pa hotspot fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá lò ó, ó máa ń wà nínú Settings ibi hotspot gan-an; bí ẹ kò bá pa á, ìpè kò ní rí ọ̀nà wọlé lálẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kí oòrùn máa pa á lójú fèrèsé, bátìrì tó bá gbóná jù a máa wú.

Tí iná bá lọ, ẹ̀rọ Wi-Fi kú. MiFi àti fóònù ojú fèrèsé ní bátìrì tiwọn, ìdí kan náà tí mo fi fẹ́ràn wọn fún abúlé nìyẹn.

Dátà ńkọ́? Ìpè ohùn lórí WhatsApp kì í sábà jẹ tó 1MB ní ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá tilẹ̀ kà á sí 1MB géérégé, 1GB á gbé ọ̀rọ̀ tó ju wákàtí mẹ́rìndínlógún lọ. Fídíò a máa jẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ẹ lè wọ̀n ọ́n fúnra yín: nínú WhatsApp, ẹ wọ Settings, Storage and data, Network usage, ẹ nu iye tó wà níbẹ̀, ẹ pe ọmọ yín fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ padà wò ó.

Ohun tó ń jẹ dátà gan-an ni èyí tí fóònù ń ṣe lẹ́yìn yín. Bó bá ti rí Wi-Fi, ó rò pé ọ̀fẹ́ ni, á máa gbé áàpù tuntun wọlé, á máa gbé fọ́tò lọ sí Google Photos. Ẹ wọ Wi-Fi nínú Settings, ẹ tẹ orúkọ hotspot náà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Metered sí, ẹ yan án. Láti ìgbà yẹn, fóònù á mọ̀ pé owó ni dátà yẹn. Ẹ pa auto-update ní Play Store pẹ̀lú.

Títo fóònù kí ìpè tó dún gan-an

Ẹ̀sùn tí mo ń gbọ́ jù ni èyí: “Mo pè yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ ò gbé e.” Màmá á búra pé kò dún, òótọ́ ló sì ń sọ. Ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú máa ń pa áàpù tó wà lẹ́yìn kí bátìrì má baà tán kíákíá, WhatsApp náà sì wà lára ohun tí wọ́n ń pa. Ẹ wọ Settings, Apps, WhatsApp, Battery, kí ẹ yan Unrestricted. Lórí Tecno, Infinix àti itel, ẹ tún wọ Phone Master, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Auto-start sí, kí ẹ tan WhatsApp níbẹ̀. Ẹ wá pa iná fóònù, ẹ gbé e kalẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí, kí ẹnì kan pè é láti yàrá kejì. Ẹ má kúrò nílé títí ó fi máa dún.

Nínú WhatsApp, lábẹ́ Storage and data, ẹ tan Use less data for calls, ẹ pa fọ́tò àti fídíò tó ń wọlé fúnra wọn. Ẹ ṣí ìjíròrò ọmọ kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ àmì tótó mẹ́ta òkè, More, Add shortcut, kí fọ́tò ọmọ náà lè jókòó sójú fóònù. Màmá á kàn tẹ ojú ọmọ rẹ̀, ìjíròrò á ṣí, á wá tẹ àmì ìpè, kò sí pé ó ń wá nọ́ńbà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ́ wọn bí a ṣe ń gbé ìpè, pẹ̀lú sùúrù. Nígbà tí iná fóònù bá ti kú, ìpè WhatsApp kì í ṣe èyí tí a ń tẹ̀, fífà sókè ni. Àgbàlagbà tó ti fi fóònù tọ́ọ̀ṣì pẹ́ á máa tẹ àmì aláwọ̀ ewé náà títí ìpè á fi já. “Màmá, ẹ gbé ìka lé e, ẹ fà á sókè báyìí. Ó ti tó, ma.” Ẹ jẹ́ kí àwọn fúnra wọn ṣe é títí ọwọ́ wọn á fi mọ̀ ọ́n, ẹ má gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹ fi hàn wọ́n pẹ̀lú pé bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ ló ń gbé ohùn sókè, àti pé àárín ìpè ni kí wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Ẹ tan two-step verification nínú Account ní WhatsApp, ìyẹn nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ mẹ́fà tí kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn gba WhatsApp wọn, ẹ kọ ọ́ síbi tí ẹ̀yin nìkan mọ̀. Ẹ sọ ọ́ létí àwọn òbí pé ẹnikẹ́ni tó bá pè pé òun ń bọ̀ láti nẹ́tíwọ́ọ̀kì tàbí báńkì, tó ní kí wọ́n ka nọ́ńbà mẹ́fà tó wọlé fún òun, olè ni, kódà bó bá dárúkọ ọmọ wọn.

Bí ohùn bá ń já

Ẹ kọ́kọ́ pa fídíò, ohùn nìkan lè tẹ̀síwájú lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí fídíò ti kú. Bí kò bá tó, ẹ tan airplane mode fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ẹ pa á, ẹ tan Wi-Fi, ẹ tún pè. Bó bá jẹ́ pé ẹ ń gbọ́ wọn tí wọn kò gbọ́ yín, ẹ wo bóyá àpò fóònù bo ihò kékeré ìsàlẹ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá WhatsApp ní àṣẹ láti lo makirofóònù. Ohùn tó ń padà wá bá ẹni tó sọ ọ́, láti ọ̀dọ̀ ẹnì kejì tó tan agbóhùnsókè sílẹ̀ ni. Kí ó gbé fóònù sétí. Bí gbogbo ènìyàn tó wà lórí Wi-Fi kan náà bá ń ní ìṣòro kan náà, ọ̀rọ̀ kò sí lára fóònù mọ́, ẹ tẹ *323# láti mọ̀ bóyá dátà ti tán.

Ẹ má gba fóònù tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ wọn nítorí pé ẹ ti ra ńlá. WhatsApp kò lè pe 112, tó jẹ́ nọ́ńbà pàjáwìrì ní Nàìjíríà, Wi-Fi sì lè kú ní òru tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Kí kàádì díẹ̀ máa wà lórí sím wọn nígbà gbogbo, kí wọ́n kọ nọ́ńbà 112 àti ti aládùúgbò kan tó ní mọ́tò sára ògiri pẹ̀lú lẹ́tà ńlá, kí fóònù tọ́ọ̀ṣì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.